Gbogbo Ilé Ni Ọkọ̀ Dúró

Ọkọ̀ funfun ni mo ń wà nígbà náà. Àwọn tó gbà mí ń ṣèwádìí lórí ibà àti kòkòrò éèdì ní àwọn abúlé tó yí Port Harcourt ká. Rumuokwuta ni a ti máa ń gbéra láàárọ̀, èmi àti nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ọ̀yọ́, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Èmi ń pè é ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Kì í fẹ́ kí n tan rédíò.

Iṣẹ́ méjì ni. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé ìwé ni a ti ń ṣe ti ibà: ẹni tó bá fẹ́ á wá, wọ́n á gún ìka rẹ̀ wò, wọ́n á fún un ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ti éèdì, ilé àwọn tó ń lo oògùn ni à ń lọ, torí ilé ìwòsàn jìn sí wọn. Kò sẹ́ni tó sọ àìsàn ẹnikẹ́ni fún mi, èmi náà ò sì béèrè. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dúró níwájú ilé díẹ̀ péré nínú odidi abúlé, ta ni ò ní mọ̀?

Obìnrin kan wà ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà tó ń yan gàrí tà. Ó lóyún. Oògùn yẹn ni kò ní jẹ́ kí kòkòrò náà ran ọmọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ wa, ọ̀nà oko ló ń gbà lọ. Lọ́jọ́ kan, gàrí tó ń jóná nínú agbada la bá nílé. Àǹtí Nọ́ọ̀sì fa igi iná jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, obìnrin yìí ń sá fún mi."

"Ọkọ̀ ló ń sá fún," mo ní.

Bí a ṣe ń padà lọ, obìnrin náà yọ sí wa láti inú igbó. Pidgin ló ń sọ, bí gbogbo wa ti ń sọ ọ́ níbẹ̀.

"Dẹ́rẹ́bà, ṣé iwájú ilé mi ni gáréèjì?"

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní, "Màdáàmù, oògùn yín la gbé wá."

"Ẹ máa gbé e lọ. Ìyá ọkọ mi ti ń béèrè ohun tí ọkọ̀ yìí ń wá lọ́dọ̀ mi. Ṣé kí wọ́n lé mi kí n tó bímọ ni?"

Àwọn kan ń bọ̀ láti odò. Kò gba oògùn náà. Ó wọ igbó padà.

Oṣù ààwẹ̀ ni. Nígbà tí mo dé ilé wa ní Rumuigbo, ìyàwó mi ń bu mọ́ínmọ́ín sínú abọ́. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò wa kan, tìtorí rẹ̀ ni oúnjẹ náà ṣe pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nínú ọgbà ilé wa ni abọ́ ń lọ.

Mo ní, "Ẹnì kan lebi ń pa, gbogbo ilé lo ń bọ́."

"Bí mo bá gbé e fún òun nìkan, oúnjẹ ni mo fún un àbí ìtìjú? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Bàbá wọn, ẹ dìde, ẹ gbé ti lándíọ̀ọ̀dù lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́nu."

Mo gbé e lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ ọ́ fún Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Mo ní bóyá kí ọkọ̀ wa náà máa yà sí gbogbo ilé.

"Gbogbo ilé, Ẹ̀gbọ́n? Ilẹ̀ á ṣú bá wa o."

Ó bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n ráhùn nítorí epo ọkọ̀, wọ́n sì gbà. Láti ìgbà náà, ilé baálẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀, a kì í fo ilé kankan. Báàgì kan náà, tí nẹ́ẹ̀tì àti oògùn jọ wà nínú rẹ̀, ni Àǹtí ń gbé wọ gbogbo ilé. Á ti ilẹ̀kùn, á wo ẹni tó ní ibà, á sì wo bí wọ́n ṣe ta nẹ́ẹ̀tì sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé ìyàwó lẹ ń wá?" baálẹ̀ bi mí. "Kò sílé tẹ́ ẹ ò yà."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, obìnrin yẹn ṣì sá lọ. Nígbà tí a tún padà wá, ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi igbe ta:

"Má lọ sóko o! Àwọn ẹlẹ́fọn ti dé!"

Obìnrin náà jáde látẹ̀yìn ilé, ó ń nu ọwọ́ sára aṣọ. Àǹtí Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé nẹ́ẹ̀tì há abíyá.

"Dẹ́rẹ́bà, ẹ pẹ́ lónìí. Ilé ta lẹ ti ń jẹun?"

Kò sá mọ́.

Ìyàwó mi ti kú báyìí. Mi ò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín rẹ̀ yẹn dé fún un rí. Àṣírí àwọn tó ń lo oògùn ni, kì í ṣe tèmi.

Ọmọ náà dáyé, obìnrin. Lọ́jọ́ tí èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde, Àǹtí Nọ́ọ̀sì pẹ́ nínú ilé náà. Nígbà tó wọ ọkọ̀, kò sọ èsì náà fún mi. Kò yẹ kó sọ. Mo tan ọkọ̀. A dé ìta abúlé.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ tan rédíò."