Igba Ó Dín Méjì

Bí o bá ń gbé ní àdúgbò Ailegun, tí o sì ti jókòó ṣe JAMB rí, má gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Adéyẹyè kọjá bí o kò bá fẹ́ kí ayé gbọ́ iye tí o gbà. Ọkùnrin náà kì í fi orúkọ kí ọmọ ènìyàn. Máàkì ló fi ń kí wọn. Ọmọ á máa lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ ra búrẹ́dì, Adéyẹyè á na ọrùn jáde láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì: "Túù-fóò-wáànù, báwo ni? Ṣé mọ́mì wà nílé?" Gbogbo ẹni tó wà nítòsí á yíjú wo ọmọ náà, wọ́n á sì ti mọ ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ dé.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, kò burú nínú. Iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Láti bí ogún ọdún tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí ló ti ń tẹ ìwé, tó ń ṣe fọ́tókọ́pì, tó ń lámínétì, tó sì ń bá gbogbo ọmọ àdúgbò tẹ èsì ìdánwò wọn jáde. Máàkì wọn á ti kọjá lójú rẹ̀ kí bàbá wọn tó rí i. Ó lè gbàgbé ọjọ́ ìbí Adéjùmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì ti gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí ọ̀rọ̀ náà fi di ti ẹbí, ṣùgbọ́n máàkì tó bá ti rí lẹ́ẹ̀kan, ó ti rí i títí ayé nìyẹn.

Máàkì kan ṣoṣo ni kì í pè. Tirẹ̀ ni. Lọ́dún 1994, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó fẹ́ di lọ́yà. Ilé ẹ̀kọ́ tó mú ní igba ni àwọn ń gbà. Adéyẹyè gba igba ó dín méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà lọ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ náà, bí ẹni pé bébà á ronú pìwà dà. Bàbá rẹ̀ tó ti ń sọ káàkiri Ṣàgámù pé òun ti bí lọ́yà sinmi ariwo. Kò bá a wí. Ó kàn sinmi ariwo ni, ìyẹn ló sì dun ọmọ jù. Adéyẹyè bá kó wá sí Èjìgbò ní Èkó, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi di ẹni àádọ́ta ọdún.

Ohun tó jẹ́ kó gba máàkì gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Bí máàkì kì í bá ṣe gbogbo ènìyàn, kí wá ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ òun?

Lọ́dún tó kọjá ni ìgbàgbọ́ náà yẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìyá Teslim, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ta báàfù àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù kẹta sí tirẹ̀, mú ọmọ rẹ̀ kejì wá kí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í pariwo. Igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló gbà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Diamond, ọmọ lańlọ́ọ̀dù, gba ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́tàlá. Adéyẹyè fò sókè. Ó lámínétì ti Diamond lọ́fẹ̀ẹ́, ó tún lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí Ìyá Teslim pẹ̀lú àánú tí ẹnikẹ́ni kò tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Teslim, ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ irun dídì. Kọ́ọ̀sì tó mú yẹn, kì í ṣe ti túù-túù-síìsì."

"Bọ̀dá Adéyẹyè, ṣé JAMB nìkan ni wọ́n fi ń wọlé ni?"

"JAMB ni bàbá. Ọmọ làwọn yòókù."

Láti ọjọ́ náà, ọmọbìnrin yẹn kò ní orúkọ míì mọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Túù-túù-síìsì, o kú ọjà o!" Ọmọ náà á dáhùn pé, "Ẹ káàsán, Bọ̀dá," á kúnlẹ̀ díẹ̀, á kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n ìdajì máàkì péré ni ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ méjèèjì mú ń gbà láti ara JAMB. Ìdajì yòókù, wọ́n ń pín in láàárín èsì WAEC àti ìdánwò tí àwọn fúnra wọn ń ṣe. Adéyẹyè mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló kúkú ń tẹ ìwé àlàyé rẹ̀ fún àwọn òbí. Ó mọ̀ ọ́n, kò kàn gbà á gbọ́ ni. Ọmọ Ìyá Teslim gba A nínú gbogbo WAEC rẹ̀, ó sì jókòó ti ìwé láàárín bọ́kẹ́ẹ̀tì títí ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ fi dé. Diamond ní tirẹ̀ ń gba ìkíni kiri. Ẹni tí wọ́n ti lámínétì, kí ló tún fẹ́ kà?

Nígbà tí orúkọ jáde lóṣù kẹwàá, ọmọbìnrin wọlé, Diamond kò wọlé. Ìyá Teslim kò jẹ́ kí Adéyẹyè bá òun tẹ lẹ́tà ìgbaniwọlé náà jáde o! Ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó lọ tẹ̀ ẹ́ ní Àgọ́ Palace, ó wá dúró sí òdìkejì títì, ó ń fi bébà náà fẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé oòrùn ń pa á. Ó ra mínírà fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú pópó. Ti Adéyẹyè, ìgò méjì ló fi ránṣẹ́. Adéyẹyè kò mu ún. Ó dìde, ó rọra ṣí bébà Diamond kúrò lára ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi kí ẹnikẹ́ni ní máàkì. Inú kọ́kọ́ bí i: túù-túù-síìsì wọlé, túù-éètì-sẹ́fùn jókòó sílé, irú ayé wo nìyí? Lẹ́yìn náà, nǹkan míì bẹ̀rẹ̀ sí í jí nínú rẹ̀ tí ojú ń tì í láti pè ní ìrètí. Bí wọ́n bá ti lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún ọmọ oníbọ́kẹ́ẹ̀tì, bóyá ó yẹ kí òun náà tún un kàn. Kò sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ di lọ́yà mọ́. Ó kàn fẹ́ kọjá igba ni. Kódà kó jẹ́ igba ó lé ẹyọ kan. Kò ní sọ fún ẹnì kankan, ó kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n nínú ara rẹ̀ kó tó kú.

Bí ìforúkọsílẹ̀ JAMB ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ó mú ara rẹ̀ lọ sí sẹ́ńtà kan ní Ìsọlọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́mbà fóònù tí wọ́n bá ti fi forúkọ ẹnì kan sílẹ̀, wọn kì í fi forúkọ ẹlòmíì sílẹ̀ mọ́, Adéyẹyè aláàánú sì ti yá oníbàárà kan ní nọ́mbà tirẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Kò sí ohun tó kù ju nọ́mbà ìyàwó lọ. Ó lo nọ́mbà Adéjùmọ̀kẹ́ láìsọ fún un, gbogbo ohun tí JAMB bá sì fi ránṣẹ́ síbẹ̀, òun ló ń tètè pa á rẹ́ kí obìnrin náà tó rí i.

Ní ọjọ́ ìdánwò, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ìsìnkú kan wà ní Ṣàgámù. Irọ́ kì í dá rìn: ẹni tó ń lọ síbi ìsìnkú gbọ́dọ̀ múra ìsìnkú. Bí ọkùnrin yìí ṣe dé ibi ìdánwò nìyẹn nínú bùbá àti ṣòkòtò gínì funfun, fìlà lórí, bàtà ń dán. Kí ó tó lanu, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti dì í lọ́wọ́ mú.

"Daddy, ẹ kú àárọ̀ sà. Abẹ́ kánópì yẹn làwọn parents ń jókòó sí."

Ó jókòó. Ojú ń tì í, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá kan sún fún un lórí bẹ́ǹṣì, ó bu ẹ̀pà fún un, ó ní, "Tiyín ti wọlé?"

"Ó ti wọlé," ni Adéyẹyè wí.

"Ọlọ́run á bá wọn ṣe é."

"Àmín."

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ló tó dìde. Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò wo ìwé ìdánwò rẹ̀, ó wo fìlà rẹ̀, ó tún wo ìwé náà. "Daddy, ẹ̀yin gan-an?" "Èmi gan-an." Wọ́n ní kó tẹ̀ka. Ẹ̀rọ kò rí ìka. Ogún ọdún tí ìka náà ti ń ṣí bébà ti jẹ ilà ara rẹ̀ tán, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sì dán an wò. Ó fi fìlà nù ún, ó fi ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ó fi òsì tẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún to ọ̀wọ́ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń pòṣé. Lẹ́ẹ̀karùn-ún ni ẹ̀rọ ṣàánú rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, ó rò pé òun tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun kò lè jìyà lórí rẹ̀, àfìgbà tí ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Daddy, ẹ má tẹ ibẹ̀ yẹn, ó ń submit ẹ̀ nìyẹn o." Nígbà tí wọ́n bi í léèrè nípa ìjọba, ó dáhùn bí ìjọba ṣe rí lójú rẹ̀, kì í ṣe bí ìwé ṣe wí. Ìyẹn náà kò ràn án lọ́wọ́.

Ọjọ́ èsì pé. Ìgbà tí Adéjùmọ̀kẹ́ wà ní balùwẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ fi fóònù rẹ̀ béèrè máàkì lọ́wọ́ JAMB. Èsì kò dé. Ó jókòó ti fóònù bí ẹni ń se ẹ̀wà, èsì kò dé. Obìnrin jáde, ó gba fóònù rẹ̀, ó wọ ọjà Èjìgbò lọ síbi tó ti ń ta kọ́tìnnì. Ta ló máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló sì máa sọ pé òun fẹ́ fi ṣe?

Nígbà tó di ọ̀sán, ṣọ́ọ̀bù kún. Diamond tó tún ìdánwò ṣe wà níbẹ̀, ó ń retí kí wọ́n tẹ tirẹ̀ jáde. Ìyá Teslim ń bá ẹnì kan ná bọ́kẹ́ẹ̀tì nítòsí. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó gba ìsinmi wálé dúró pẹ̀lú káàdì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó fẹ́ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Adéjùmọ̀kẹ́ wọlé.

"Bàbá Ayọ̀kúnmi, wọ́n fi nǹkan ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mi ò mú awò ojú dání. Mò ń rí 'candidate' níbẹ̀. Candidate wo?"

Adéyẹyè na ọwọ́, ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì wà láàárín. Kó tó yí i po, ìyàwó rẹ̀ ti gbé fóònù fún ọmọ Ìyá Teslim. "Ìwọ tó o ti wọ yunifásítì, gbà, bá mi kà á sókè."

Ọmọbìnrin náà wo fóònù, ó la ẹnu. Adéyẹyè rí bí ẹnu náà ṣe là. Ó mọ ohun tó ń bọ̀, nítorí láti ẹ̀yìn káńtà yìí gan-an ni òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ ọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ láti ogún ọdún. Diamond ti na ọrùn. Ẹ̀rù ba Adéyẹyè bí ọmọdé, ó sì ń fi ojú bẹ ọmọ náà.

Ọmọ náà pa ẹnu dé.

"Mọ́mì, kì í ṣe tiyín," ni ó wí. "Wọ́n fi ránṣẹ́ sí nọ́mbà yín ni."

Ó gbé fóònù náà lé orí káńtà, kí ojú rẹ̀ kọ sí Adéyẹyè nìkan, ó sì gbé káàdì tirẹ̀ tì í. Ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́ta. Kò tilẹ̀ tó igba ó dín méjì.

Adéjùmọ̀kẹ́ mú fóònù rẹ̀, ó gbé e jìnnà sójú, ó fún ojú mọ́ ọn títí ó fi rí orúkọ tó wà níbẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀ látòkè délẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n," ni ó wí. "Ìsìnkú Ṣàgámù. A máa sọ ọ́ nílé." Ó sì padà sọ́jà.

"Ẹ bá mi ṣe fọ́tókọ́pì ẹ̀, Bọ̀dá," ni ọmọbìnrin náà wí, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Adéyẹyè mú káàdì náà. Ó fẹ́ dúpẹ́. Ó ní, "O ṣé, Túù..." ó sì dákẹ́, nítorí ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé òun kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọdún kan gbáko ni ọmọ yìí ti ń kúnlẹ̀ kí òun. Ó gbé káàdì náà súnmọ́ ojú, ó kà á, ó tún un kà.

"Nafeesah," ni ó wí. "Ẹ̀dà mélòó lo fẹ́?"