Àyè Sàwúdátù ní Sàfù Obìnrin

Láràárọ̀ Sọ́ńdè, tí àwọn obìnrin àdúgbò bá ń lọ sí àsáláátù, Sàwúdátù á ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní Abúlé Òkúta, á yí rédíò sókè, kí ẹni tó bá fẹ́ pè é lè rò pé kò gbọ́. Àwọn ará àsáláátù ní ó ti ń gbéra ga, pé owó iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti ń gun un. Owó wo? Obìnrin tó ń ká ìwé, tó ń lẹ ìwé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye látàárọ̀ dalẹ́! Àwọn èèyàn yìí kàn fẹ́ràn ẹjọ́ ni.

Ìtọ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ó tán, mo ti sọ ọ́. Láti ìgbà tó ti bí Ọláyídé, àbíkẹ́yìn rẹ̀, bó bá sín, ìtọ̀ á já lára rẹ̀. Bó bá gbé páálí ìwé, á já, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ á sì máa ro ó gidigidi. Á ṣe àlùwàlá tán, á dúró sí sàfù, lórí ìlà ìrun, á wúkọ́, àlùwàlá ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣé kó wá máa jáde láàárín ìrun lójú gbogbo ayé ni? Ó lóun ò lè ṣe é. Ó jókòó sílé, ó ń dá kírun. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ ti tú ká, kò sì sí ẹni tó lè bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dá wà, ẹ gbà mí gbọ́, ó dá wà gan-an.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni Níní, ìyá Ameer, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ọmọge, tí wọ́n jọ máa ń fèjìká kan èjìká kírun. Níní wá béèrè títí, Sàwúdátù ní iṣẹ́ ni ò jẹ́. Nígbà tó yá, ọkọ Níní kú. Lọ́jọ́ àdúà, Sàwúdátù múra, ó dé ẹnu géètì ilé rẹ̀, ikọ́ mú un, ara rẹ̀ rin, ó padà sínú ilé. Níní ò yà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ràmọ́nì, àbúrò ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé páálí ìwé, ló fà á lọ sí ọsibítù kan nítòsí Igbóbì, nítorí ẹ̀yìn ń dun òun náà. Olúwafimíhàn, ọmọbìnrin tó ń wo iṣan àti egungun, dá wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ tẹ ìbàdí wọn.

“Mà, tẹ́ ẹ bá wúkọ́ ńkọ́? Ṣé ìtọ̀ máa ń já?”

Kò sẹ́ni tó bi Sàwúdátù bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ẹkún ló kọ́kọ́ jáde.

“Ẹ má sunkún, mà. Iṣan kan wà nísàlẹ̀ tó gbé ilé ìtọ̀ ró, òun àti iṣan ẹ̀yìn ló jọ ń ṣiṣẹ́. Ti ọkùnrin ò rí bíi tiwa. Tiwa ní ọ̀nà ọmọ láàárín, ọmọ yín mẹ́rin sì ti gbabẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ kan náà lẹ̀yin àti bọ̀dá Ràmọ́nì ń ṣe, àmọ́ ara yín ò lè gbà á bákan náà. Ẹ ò jẹ̀bi nǹkan kan.”

Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa sún iṣan náà kì bí ẹni ń mú ìtọ̀ dúró, kó tó gbé ẹrù. Ó ṣe é fún oṣù mélòó kan. Ẹ̀yìn fúyẹ́, ìtọ̀ dín kù, kò tán. Ó wá béèrè lọ́wọ́ ààfáà lórí fóònù, kó má baà rójú òun, bí ẹni tí ìtọ̀ ń já lára rẹ̀ ṣe lè kírun. Ààfáà ní kó ṣe àlùwàlá tí àkókò ìrun bá wọlé, kó fi aṣọ di ara rẹ̀ dáadáa, kó kírun rẹ̀ lọ, bí ìtọ̀ bá tilẹ̀ já.

Ó lọ sí àsáláátù ní Sọ́ńdè. Ó jókòó ti Níní, ó sì rọra sọ gbogbo rẹ̀ sí i létí.

“Ìtọ̀?” Níní wò ó. “Ìtọ̀ ni ò jẹ́ kó o wá bá mi sunkún bàbá Ameer?”

“Ojú ló ń tì mí.”

“Láti ìgbà tí mo ti bí Ameer ni èmi náà ti ń fi páádì wá síbí. Ẹ̀gbẹ́ ẹ ni mo máa ń dúró sí.”

Sàwúdátù bú sẹ́kún láàárín àwọn obìnrin, ara rẹ̀ rin, kò sì dìde lọ sílé.