Típà Tó Gbá Bàbá Wa ní Kwangila

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò ní Ìlọrin. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi. Àwọn kò fẹ́ràn ìrìn àjò, ìmọ̀ràn ni wọ́n fẹ́ràn. Bàbá wa, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì sí Sabon Gari ní Zaria, ti ní ìjàǹbá mọ́tò. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ sọ fún Bàbá pé kí wọ́n má tún ògbólógbòó Pijó wọn ṣe, kí wọ́n má sì wakọ̀ mọ́ láéláé.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?" ni mo bi wọ́n.

"Ìwọ ni àbíkẹ́yìn. Bàbá ò ní bínú sí ọ."

Láti Jẹ́bà lọ sókè, ihò pọ̀ ju ọ̀dà lọ lójú títì, dírẹ́bà wa sì ń pe ihò kọ̀ọ̀kan lórúkọ bí ẹni ń kí àna. Ní Kaduna mo ra kosai, ìyẹn àkàrà tiwa gan-an, àmọ́ ó kéré bí ìdodo ọmọ ọwọ́. Alẹ́ lẹ́ tán kí n tó dé Zaria.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá mú mi lọ wo Pijó náà. Iwájú rẹ̀ ti wọnú bí ẹnu arúgbó tí kò léhín.

"Típà ló gbá mi ní Kwangila," ni wọ́n wí. "Àwọn awakọ̀ òde òní, wọn kì í wo iwájú."

Malam Sani, panẹ́bítà wọn, ló wá wa mọ́tò náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Dogarawa. Bàbá jókòó níwájú, èmi wà lẹ́yìn. Bí a ti dé Kwangila, Malam Sani dẹwọ́ eré, ó nawọ́ síta. Típà náà nìyẹn. Orí òkúta ni wọ́n gbé e kà, kò ní táyà kankan. Ìyá ọlọ́sàn kan ti sá aṣọ sí i lára.

"Bàbá, ṣé èyí ló gbá yín?"

"Ó ń bọ̀ ni."

"Pẹ̀lú táyà wo?"

Ìyá ọlọ́sàn náà dá mi lóhùn: "Tun bara yake nan." Ó ní láti èṣí ló ti wà níbẹ̀. Malam Sani rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, Malam Sani yí mọ́tò náà po, ó ní yóò ṣeé tún ṣe. Lójú panẹ́bítà, kò sí mọ́tò tó kú rí. Oní-mọ́tò ló ń kú. Mo tún ohùn ṣe láti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù tí mo ti ń há sórí láti Ìlọrin, ni Bàbá bá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mi ò rí i," ni wọ́n wí. "Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn. Odindi típà, mi ò rí i. Ká ní ọmọ ènìyàn ló dúró síbẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá padà lọ bá Malam Sani, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n fi lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó ra mọ́tò náà bó ṣe wà. Iye tó san, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn ẹ̀gbọ́n mi lè kà á.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá la wọ̀ padà. Bàbá kọ̀ láti jókòó lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni wọ́n há ara wọn sí, wọ́n sì ń pàṣẹ fún un: "Rage gudu! Dín eré kù! Wo ewúrẹ́ yẹn!"

Ó sú ọmọkùnrin tó ń wakọ̀. "Baba, kai ne direba?" Ó ní ṣé Bàbá ni dírẹ́bà ni.

"Da, ni ne," ni Bàbá wí. Wọ́n ní tẹ́lẹ̀, àwọn ni.

Nígbà tí mo fi padà dé Ìlọrin, ẹ̀gbọ́n mi àgbà ti kéde fún gbogbo ẹbí lórí Wáásáàpù pé ìmọ̀ràn òun ni Bàbá gbà. Mo bi í pé ìgbà wo ló pe Bàbá gbẹ̀yìn. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Zaria kì í dára.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé Zaria kò jìn tó bí a ṣe ń pariwo rẹ̀. Ẹsẹ̀ àwa ọmọ ló kúrú. Mo yọ fóònù mi, mo pe Bàbá lójú ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì dún lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n fi gbé e.