Eruku Ara Aṣọ

Bí ẹ bá fẹ́ bá Ìyá Báláú jà, ẹ sọ fún un pé aṣọ tó fọ̀ ò mọ́. Alágbàfọ̀ ni, láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti ń ṣe é, funfun báláú tí aṣọ ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Kò ka ẹ̀rọ ìfọṣọ sí nǹkan kan. Ó ní ẹ̀rọ ò lójú, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ibi tí ìdọ̀tí wà?

Àwọn oníbàárà rẹ̀ tó pọ̀ jù ni àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ìparí àdúgbò, níbi tí wọ́n ń da ẹrẹ̀ dúdú tó bá ṣẹ́ kù lára epo rọ̀bì sí. Wọ́n á wa ẹrẹ̀ yìí láti kòtò kan sí òmíràn, bó bá sì fi máa di ìrọ̀lẹ́, aṣọ iṣẹ́ tó bò wọ́n láti ọrùn dé kókósẹ̀ á ti gan bí igi. Ọ̀dọ̀ Ìyá Báláú ni wọ́n ń kó o wá.

Ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀: aṣọ kì í rí omi kí wọ́n tó gbọ̀n ọ́n. Àǹtí rẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá ju aṣọ eléruku sínú omi, ọ̀lẹ ni, omi ẹrẹ̀ ló fi ń fọṣọ. Nítorí náà, láràárọ̀, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àgbàlá, á di aṣọ mú léjìká méjèèjì, á gbọ̀n ọ́n, á tún nà án mọ́ ògiri. Eruku á sọ lálá. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, á jókòó sórí ẹní nítòsí, á máa pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìyá ọmọ náà ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́ kan nílùú mìíràn. Ó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ torí pé kò mọ ẹlòmíràn tí ìmọ́tótó rẹ̀ tó tirẹ̀.

Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ. Kò jẹun dáadáa mọ́. Ẹnu tó máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè títí orí á fi fọ́ni, ó pa á mọ́. Ìyá Báláú rò pé aràn ni, ó fún un lóògùn aràn. Ó tún ní bóyá ìdọ̀tí ló fà á, ló bá ń gbọn aṣọ tagbáratagbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ò rí ayé bí. Obìnrin yìí ń fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́n àìsàn káàkiri ilé, ó rò pé òun ń lé e lọ ni.

Nọ́ọ̀sì tó rí wọn nílé ìwòsàn wo ojú ọmọ, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó. Ó béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ilé. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Èsì dé, ó sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ìyá àgbà.

"Màmá, òjé ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí."

"Òjé kẹ̀? Irú èyí tó ń bẹ nínú bátìrì mọ́tò? Ta ló fún un jẹ?"

"Kò sẹ́ni tó fún un jẹ, mà. Inú ẹrẹ̀ epo yẹn ló wà. Tẹ́rẹ̀ bá ti gbẹ, ó deruku. Tẹ́ ẹ bá gbọn aṣọ, á bà sórí ẹní, ọmọ á fọwọ́ kàn án, á kiwọ́ bẹnu. Ọmọdé ló sì máa ń bá jà jù, ó ń dé ọpọlọ wọn."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ìyá Báláú wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ṣé ó máa kú ni?"

"Kò ní kú, mà. A tètè rí i. Ẹ gbé e kúrò nídìí eruku, ẹ máa fún un lóúnjẹ gidi. Òjé náà á wálẹ̀."

Wọ́n pe ìyá ọmọ lórí fóònù, ọjọ́ kejì ló dé. Ká ní ó pariwo ni, Ìyá Báláú ì bá mọ ohun tó máa fi dá a lóhùn. Kò pariwo. Ó di ẹrù ọmọ, ó pọn ọmọ.

"Màmá, mi ò bínú sí yín. Ẹ ò mọ̀ ni. Àmọ́ ọmọ mi ò lè gbé ibí mọ́."

Ó dùn ún ju kí wọ́n gbá a létí lọ. Ó jókòó sínú àgbàlá tó pa lọ́lọ́, ohun kan ṣoṣo ló sì ń fẹ́ láyé báyìí: ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ á tún lè fi ọmọ sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kó aṣọ dé, ó dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ kó o padà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyá Báláú, ta ló ṣẹ̀ yín?"

"Èmi ni mo ṣẹ ara mi. Májèlé ni mo ń gbọ̀n lé ọmọ lórí. Ẹ̀yin náà ẹ̀ ń wọ̀ ọ́ wọlé, ẹ̀ ń fi gbọ́mọ mọ́ra. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ yín wò."

Ẹ̀rín dá. Wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí púpọ̀ nínú wọn gbọ́ ò dára. Ni gbogbo wọn pẹ̀lú Ìyá Báláú bá gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ lọ: ẹnikẹ́ni ò ní wọ aṣọ yẹn délé mọ́. Ọ̀gá kọ́kọ́ ń fọ̀rọ̀ falẹ̀, àmọ́ ta ló máa bá a wa ẹrẹ̀ bí gbogbo wọn bá jókòó sílé? Wọ́n kọ́ yàrá ìfọṣọ sínú ọgbà iṣẹ́, tòun ti balùwẹ̀, àti táǹkì tí omi ìdọ̀tí ń lọ kó má bàa ṣàn síta.

Ta ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ibẹ̀? Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ àǹtí ti yí padà: inú omi ni aṣọ ń kọ́kọ́ wọ̀, ẹni tó bá gbọ̀n ọ́n á gbọ́ tirẹ̀. "Ẹni da omi síwájú, á tẹlẹ̀ tútù," ló máa ń wí, títí ó fi sú wọn. Bí iṣẹ́ bá parí, á bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, á wẹ̀ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kó tó gba ilé lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ bá a wa erùpẹ̀ àgbàlá rẹ̀ kúrò, wọ́n fọ ògiri, wọ́n da sìmẹ́ǹtì.

Lórí fóònù ló ti ń gbọ́ pé òjé ń dín kù lára ọmọ. Kò tíì tán, wọ́n ṣì ń ṣọ́ ọ, àmọ́ ó ti ń jẹun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ó yí àgbàlá po, ó wo ògiri, ó wo ilẹ̀, ó tún gbóòórùn ọrùn ìyá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ẹja. Ọṣẹ nìkan ló ń ta sánsán. Ìyá Báláú ń tẹ̀ lé e kiri.

Ọmọ rẹ̀ tú ọ̀já. Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì.

"Màmá, ọ̀la ni mò ń padà síbi iṣẹ́. Òun máa wà lọ́dọ̀ yín."

Ìyá Báláú fìdí kalẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, ó bú sẹ́kún. Ọmọ náà fẹsẹ̀ lásán rìn lọ bá a, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Màmá Àgbà, ta ló nà yín?"