Àga Bàbá Lórí Mọ́tò Apárí

Mo ti rí oríṣiríṣi ẹrù lórí mọ́tò, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí bàbá arúgbó kan gun orí mọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tí wọ́n ní àwọn ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ẹ̀rù bà mí.

Kárìà ni mò ń ṣe, irin tí a ń dè mọ́ òrùlé mọ́tò kó lè gbé ẹrù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Màmá Adébáyọ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wa mọ́tò dé pẹ̀lú ọkọ wọn. Wọ́n ń kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹrù ti lọ tán, ó ku àga onítìmùtìmù tí Bàbá fẹ́ràn. Awakọ̀ akẹ́rù ti kọ̀ ọ́, ó ní ìdun wà nínú rẹ̀.

"Bí àga mi ò bá lọ, èmi náà ò lọ," ni Bàbá wí.

Mo fọwọ́ pa òrùlé mọ́tò. Àwọn mọ́tò kan máa ń ní irin gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé, ara rẹ̀ la máa ń de kárìà mọ́. Èyí tí kò bá ní, apárí là ń pè é nídìí iṣẹ́ wa.

"Màmá, apárí lèyí o," ni mo wí. "A ní láti rọra ṣe é."

Bàbá ṣí fìlà. Orí wọn ń dán yinrin. "Ta lò ń bá wí?"

"Mọ́tò ni, Bàbá! Mọ́tò!"

Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ilẹ̀kùn mú.

Màmá fẹ́ kárìà tó rí bí agbọ̀n, torí pé ó ń dán. Mo ní ẹsẹ̀ àga ò ní wọ inú rẹ̀. Ọ̀pá irin méjì la mú. Mo fi rọ́bà tẹ́ abẹ́ wọn, mo kọ́ wọn mọ́ etí òrùlé, mo sì fi sípánà fún bóòtù wọn pọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé, "Mi kárìà. Bí òun nìkan bá mì, iṣẹ́ ṣì kù. Bí mọ́tò bá bá a mì, ó ti parí." Mo mì ín. Mọ́tò mì tìtì, Màmá tó wà nínú rẹ̀ pariwo, "Jésù!"

A gbé àga sókè, a so ó. Kí n tó mú okùn kejì dé, Bàbá ti gba orí bọ́nẹ́ẹ̀tì gòkè, wọ́n ti jókòó sínú àga.

"Kò mì! Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ káàsán o!"

Fọkanáísà tó ń lẹ táyà lódìkejì títì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí!"

Bàbá juwọ́ sí i. "Ẹ máa wà á lọ. Ibí yìí ni mo máa jókòó dé Ògbómọ̀ṣọ́."

Òrùlé dún kẹ́kẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí, ńṣe ni wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Màmá ò bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ṣí kúlà oúnjẹ.

"Múfútáù, wá jẹ mọ́ínmọ́ín. Ẹlẹ́mìí méje ni. Ẹni tó ni ín ò sí nílé."

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lohùn Bàbá tòkè wá. "Ṣé ẹ fi ẹyin sí i?"

Wọ́n fẹ́ sọ̀, orúnkún kọ̀. Fọkanáísà ló pọ̀n wọ́n sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, Bàbá ń pariwo pé kó má gbọn àwọn.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá pè mí. Àga dé láyọ̀, bóòtù kan ò tú. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kẹ́dùn: àga ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Bàbá já fóònù gbà lọ́wọ́ wọn. "Múfútáù, iṣẹ́ rẹ dára gan-an. Jọ̀ọ́, ṣé o mọ bíríkìlà kan tó lè wó ògiri?"