Páálí Tí Mọ́mì Ò Jẹ́ Ká Ṣí

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Mọ́mì mi jẹ́, ẹ bá a lọ ra iṣu. Á gbé e sókè, á fi èékánná họ ọ́, á kàn án kó-kó-kó bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, á wá gbé e padà sílẹ̀. Á ní, "Èyí ń parọ́." Iṣu o! Bó ṣe ń ṣe tòmátì nìyẹn, bó ṣe ń ṣe ẹyin nìyẹn. Níbi iṣẹ́ ẹ̀, nílé ìdáná síkúù àwọn ọmọdé kan ní Eastbrook, ní Dagenham nílùú Òyìnbó níbí, ọkùnrin tó máa ń já ẹ̀fọ́ sílẹ̀ á kọ́kọ́ yọjú wò bóyá ó wà níbẹ̀. "Sola's not in today, is she?" Mo lè ṣe ohùn yẹn fún yín, bó ṣe ń gbọ̀n gan-an. Kò sí ohùn tí mi ò lè ṣe.

Irú èèyàn yìí ló wá fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi téèyàn ò ti lè fọwọ́ ba nǹkan kan.

Kì í ṣe pé ó wù ú. Ẹ̀kọ́ kan ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Rush Green, ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ àti ìlera, kó lè kúrò nídìí ìkòkò fífọ̀ kó di ẹni tó ń pinnu ohun táwọn ọmọ máa jẹ. Orí láptọ́ọ̀pù nílé ni púpọ̀ nínú ẹ̀. Ó ti gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Èyí tó rà nígbà yẹn, àmì dúdú kékeré kan ló wà láàárín ojú ẹ̀, kò ju kóró ata lọ. Mọ́mì ní kò burú. Oṣù kejì, àmì yẹn ti ràn bíi yíǹkì tó dà sórí ìwé, ìdajì ojú láptọ́ọ̀pù ti lọ. Àwọn tó tà á ní ọjọ́ ti kọjá, wọn ò lè gbà á padà. Bó ṣe fi ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀ nìyẹn. Kò sunkún o. Ó kàn kó gbogbo ìwé ẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gbé e sórí wọ́dúróòbù, a ò sì gbọ́dọ̀ bi í.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Lọ́tẹ̀ yìí, odidi oṣù kan ni Mọ́mì fi ka ohun táwọn tó ti ra irú èyí tó fẹ́ rà kọ. Kì í ka èyí tó dáa. Èyí tí wọ́n ti ń sunkún nìkan ló ń kà.

"Ṣọpẹ́, o gbọ́ ohun tójú Rosemary rí?"

"Mọ́mì, ta ni Rosemary?"

"Rosemary tó ra irú ẹ̀ lóṣù kẹta. Àmì aláwọ̀ ewé kan, kín-ún báyìí, ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Kò tètè wò ó. Ìgbà tó fi máa rí i, wọ́n ní ọjọ́ ti kọjá."

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Mò ń gbàdúrà fún un."

Mo rò pé eré ló ń ṣe. Àfi ìgbà tó di Wẹ́sìdé, tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn tó nílò àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo gbọ́ tí Wòlíì Adédèjì kà á jáde pé, "Rosemary, ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù." Gbogbo ìjọ ṣàmín.

Ọjọ́ Tọ́sìdé kan ni páálí náà dé. Mo ti mú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Mọ́mì gbá mi lọ́wọ́.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mo fẹ́ ṣí i ni."

"Láìgbàdúrà sí i?"

Nínú ìjọ aláṣọ funfun tiwa, kò sẹ́ni tó ń lo nǹkan tuntun tí Wòlíì ò tíì fọwọ́ kàn. Mọ́tò, kọ́kọ́rọ́ ilé, bàtà tẹ́nì kan fẹ́ wọ̀ lọ wá iṣẹ́, gbogbo ẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ sábẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ẹ̀rọ tá a fi ń fọṣọ ní ilé wa, ọjọ́ mẹ́rin ló fi dúró sẹ́nu ọ̀nà nígbà tó dé, tá à ń fi ọwọ́ fọṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Wòlíì sì ti lọ sórí òkè àdúrà ní Èkìtì, nílé. Wọ́n ní Sọ́ńdè ló ń bọ̀. Sọ́ńdè dé, kò dé. Wọ́n ní Sọ́ńdè kejì. Ìyẹn náà kọjá. Mọ́mì gbé páálí náà sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là, ó da aṣọ funfun bò ó. Láàárọ̀, tó bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́, á ní, "Ó dàbọ̀ o," kì í sì í ṣe èmi ló ń sọ ọ́ fún.

Ó di Tọ́sìdé kejì lẹ́yìn tí páálí dé, Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ibi iṣẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Èmi jókòó ti páálí, mò ń ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Mọ́mì, ọjọ́ mẹ́rìnlá tẹ́ ẹ lè fi dá a padà yìí, ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ni wọ́n ti ń kà á o."

"Rárá. Ọjọ́ tí mo bá ṣí i ni."

"Ẹ wá wò ó."

Ó fi awò ojú ẹ̀ sójú. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá jókòó sórí ilẹ̀, tòun ti kóòtù.

"Lónìí?"

"Lónìí. Ṣọ́ọ̀bù Ammar ní Whalebone, níbi tí wọ́n ti ń bá wọn gba páálí, ni wọ́n ní ká dá a padà sí. Aago mẹ́fà ló ń tì."

"Yéè! Ọlọ́run mi!"

"Ẹ jẹ́ ká ṣí i jàre. Abeg."

"Ṣọpẹ́, ti ọjọ́sí yẹn, ẹnu ọ̀nà níbí ni mo ti ya páálí ẹ̀. Mi ò gbàdúrà, mi ò ṣe nǹkan kan. Ṣé o rí ibi tó já sí?"

A fi fóònù mi pe Wòlíì ní fídíò, torí pé ti Mọ́mì ti kú. Gíláàsì fóònù mi ti fọ́ bí òwú aláǹtakùn. Màmá Wòlíì, ìyàwó ẹ̀, ló gbé e.

"Àlàáfíà fún yín. Ẹ̀yin Màmá Ṣọpẹ́! Bàbá ò lè sọ̀rọ̀ o. Ààwẹ̀ ìdákẹ́ ni wọ́n wà. Ó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé kí wọ́n tó lanu."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọwọ́ wọn nìkan. Kí wọ́n kàn nawọ́ sí i."

Wòlíì bọ́ síwájú fóònù nínú sùtánà ẹ̀. Gíláàsì mi pín ojú ẹ̀ sí mẹ́rin. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó nawọ́. Mọ́mì kúnlẹ̀, ó gbé páálí sórí itan, ó ń dúró de ọ̀rọ̀. Wòlíì fọwọ́ kan ẹnu ara ẹ̀, ó mi orí. Mọ́mì wá yíjú sí mi.

"Ṣọpẹ́."

"Mà."

"Ohùn wọn tó o máa ń ṣe."

"Ohùn ta ni, Mọ́mì?"

"Má parọ́ fún mi. Èyí tí mo máa ń torí ẹ̀ gbá ẹ létí yẹn. Ó yá, ṣe é."

Iwájú Wòlíì fúnra ẹ̀ o! Mo di ojú. Mo fa ọ̀fun mi wálẹ̀, mo pe ilé ní ulé bíi ti ará Èkìtì, mo ní: "Ìwọ páááálí! Kò sí nǹkan òkùnkùn tó máa gbé nínú ulé yìí! Ohunkóhun tó bá fara pamọ́ sínú ẹ, jáde! Mo ní, jáááde!"

"Àmín!" ni Mọ́mì wí. Kò rẹ́rìn-ín. Mo la ojú kan. Nínú fóònù, èjìká Wòlíì ń gbọ̀n, ó ti fi apá sùtánà bo ẹnu. Ó fi ọwọ́ kejì ṣe àmì àgbélébùú sí wa, Màmá Wòlíì bá yára pa fóònù.

A ya páálí. Mo ti wo fídíò tó kọ́ni bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fa kọ́tìnì, ẹ jẹ́ kí gbogbo ojú ẹ̀ funfun, lẹ́yìn náà kó dúdú, kó pupa. Ibi tí ò bá bá àwọn yòókù yí padà, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Mọ́mì wò ó bó ṣe ń ṣa ẹ̀wà, láti òkè wá sísàlẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Funfun, kò sí nǹkan. Mo yí i sí dúdú.

"Dúró."

Igun ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún. Ẹyọ kan, aláwọ̀ ewé, kò tó yanrìn.

"Eruku ni," mo ní.

Ó fi etí aṣọ funfun nù ún. Kò lọ. Mo yí i sí pupa. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń wò wá.

"Rosemary," ni Mọ́mì wí wẹ́lẹ́.

Aago mẹ́rin ti kọjá. Mọ́ńdè ni ẹ̀kọ́ máa bẹ̀rẹ̀. Tá a bá dá a padà tí òmíràn ò tètè dé, ọwọ́ òfìfo ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un. Mo ní, "Ó kéré o, Mọ́mì. Tẹ́ ẹ bá ń kàwé, ẹ ò ní rí i."

Ó wò ó títí. Ó ní, "Ti ọjọ́sí náà kéré." Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mú un, ó fara ti ògiri. "Ṣebí ìwọ lo ní kó jáde? Ó ti jáde! Gbé e padà sínú páálí, kíá!"

Nínú bọ́ọ̀sì, ó gbé e sórí ẹsẹ̀ bí ọmọ jòjòló. Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú la wọ ṣọ́ọ̀bù Ammar.

"What's wrong with it, Auntie?"

"It was revealed," ni Mọ́mì wí, bí ẹni ń dá dókítà lóhùn. Ammar wo èmi. Mo wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń tà. Ó já rìsíìtì fún wa.

Ní Fúráìdé, Mọ́mì gbé ìwé ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí wọ́dúróòbù, ó nù wọ́n, kò tò wọ́n síbi kankan.

Àárọ̀ Sátidé, òmíràn dé. Wòlíì ò tíì lanu. Mo ń tún ọ̀fun mi ṣe, ṣùgbọ́n Mọ́mì ti gbé ọwọ́ lé páálí náà lẹ́nu ọ̀nà, ó fúnra ẹ̀ gbàdúrà, kò ju ìlà mẹ́ta lọ, lóhùn ara ẹ̀. Ẹni tó gbé e wá ò tíì dé ẹnu géètì tí a fi ya á. Funfun. Dúdú. Pupa. Ó ní kí n tún un ṣe. Kò sí nǹkan.

Nírọ̀lẹ́, ohùn Wòlíì wọlé sórí fóònù mi, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ lẹ́yìn ààwẹ̀: "Ṣọpẹ́. Èmi kì í fa páálí gùn tó bẹ́ẹ̀." Mọ́mì ní kí n tún un gbé sí i, lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ó wá jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù tuntun, ó ń fi ìka kan tẹ nǹkan, tíkí, tíkí. Mo rò pé orúkọ ẹ̀ ló ń kọ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo yọjú wò ó. Abẹ́ ọ̀rọ̀ Rosemary ló ń kọ ọ́ sí, lédè Òyìnbó: pé igun kan náà ni tòun náà ti yọ, pé òun tètè rí i, pé kó tún bá àwọn tó tà á sọ ọ́, kó má dákẹ́, pé ìjọ kan wà ní Dagenham tó mọ orúkọ ẹ̀.

"Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

"Ó dáa, Mọ́mì."

Ó fi ránṣẹ́. Kó tó pa láptọ́ọ̀pù dé, ó fa kọ́tìnì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún.