Télọ̀ Kútọnú àti Àbúrò Rẹ̀

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Kútọnú ló gbà mí láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí èyí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ẹgbẹ́dá l'Ékòó kógbá sílé. Mo rò pé Kútọnú ò jìnnà, pé ara mi á tètè mọlé níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí á fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ń kí mi dáadáa láàárọ̀ o, ṣùgbọ́n tó bá di àsìkò oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á yí àga wọn síra, wọ́n á máa sọ èdè Fọ̀n. Èmi á jókòó ti fèrèsé, màá máa jẹ búrẹ́dì mi.

Síkẹ́ẹ̀tì tó ya ló mú mi dé ọ̀dọ̀ télọ̀ tó wà ládùúgbò wa. Obìnrin tó jù mí lọ díẹ̀ ni, òun àti ìyá rẹ̀ tójú ti fọ́ ni wọ́n jọ ń gbé. Mo fi Faransé jákujàku mi ṣàlàyé, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àṣé mo ní èmi gan-an ni mo ya, kó jọ̀ọ́ kó bá mi rán ara mi. Ó fà mí lọ́wọ́, ó ní kí n jókòó.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ. Ó ń kọ́ mi ní Fọ̀n, mò ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá rẹ̀ á máa fọwọ́ wá ojú mi kiri, á di etí mi mú, á ní òun ń wo ọmọ òun tuntun.

Ọ̀rẹ́ mi ò fi Gẹ̀ẹ́sì ṣeré rárá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo ti lọ sí Èkó lọ ṣiṣẹ́ táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé, kò sì wálé mọ́. Ìgbà tó pè wọ́n kẹ́yìn, ó ní Ìgàndò lòun wà.

"Tí mo bá débẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni màá fi bi wọ́n," ọ̀rẹ́ mi wí.

Mo ní Yorùbá ló pọ̀ níbẹ̀. Ó ní Yorùbá ti le jù, kí n má da òun láàmú. Ohun tó kọ́kọ́ ní kí n kọ́ òun ni bí wọ́n ṣe ń sọ, "Ìyá wa ń pè ẹ́, máa bọ̀ nílé," ní Gẹ̀ẹ́sì. Á máa wí i bó ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ náà rí òyìnbó kan gbà, wọ́n ní kí n máa lọ. Mo kó ẹrù mi padà sí Ẹgbẹ́dá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ mi fi ìyá rẹ̀ sọ́dọ̀ aládùúgbò, ó wá bá mi.

A wá àbúrò rẹ̀ kiri. Àwọn tó ń ta táìsì lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòtún sí Ìgàndò là ń bi, fọ́tò rẹ̀ ìgbà tó ṣì tín-ínrín wà lọ́wọ́ wa. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti orí ààtàn ńlá tó wà ní Ìgàndò, ọ̀rẹ́ mi á fi etí gèlè bo imú, á tún lọ bá ẹni tó kàn.

"Ará Kútọnú? Wọ́n pọ̀ jàre," ni wọ́n ń sọ.

Ní ibùdókọ̀ Command, ọkùnrin kan wo fọ́tò náà pẹ́. "Èyí jọ bùrọ̀dá táìsì kan n'Íṣẹ̀rí-Olófin. Ṣùgbọ́n ìyẹn ní ọmọ Abẹ́òkúta lòun ṣá. Ọmọ onílẹ̀ ló fẹ́, ilé àna rẹ̀ ló ń gbé."

Ó júwe ilé náà, a sì lọ. Ọkùnrin tí à ń wá ń po sìmẹ́ǹtì níwájú ilé nígbà tí a dé. Kí n tó lanu, ọ̀rẹ́ mi ti sáré bá a. Ó ń pe orúkọ tí ìyá wọn ń pè é, ó ń sọ Fọ̀n, ọ̀rọ̀ ń já lu ọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀. Ó yára bojú wẹ̀yìn síhà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ń wò wá. Obìnrin kan tó pọn ọmọ yọ jáde, ó bi ọkùnrin náà.

"Dádì, ta ni wọ́n ń wá?"

Ọkùnrin náà ò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi ló kọjú sí. Yorùbá tó dán ló sọ, bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ wọ́n rí. Wọ́n ṣìlé ni."

Ọ̀rẹ́ mi rò pé ó ti gbàgbé Fọ̀n ni. Ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ ọ sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, pé ìyá wa ń pè ẹ́, máa bọ̀ nílé. Kò sọ ọ́ dáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ bá mi ní kí wọ́n máa lọ," ọkùnrin náà wí fún mi. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Àǹtí, nítorí Ọlọ́run."

Bàbá orí àga ní ṣé kí wọ́n gbé omi wá fún wa. Ọ̀rẹ́ mi dì mí lápá mú.

"Kí ló ní?"

Èmi nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún un. Mo ní, "Ó ní a ṣìlé ni."

Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Kò sunkún. A rìn títí dé ibi tí a ti wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ kejì ló padà sílé. Mo ní kó dúró, kí n lọ bá ọkùnrin náà níkọ̀kọ̀, ó ní rárá. Nígbà tó pè mí, ó ní òun ti sọ fún màmá pé ọmọ wọn ti kú, pé wọ́n ti gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, màmá ò sì bèèrè rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, tí mo bá pè é, á ní òun ń ránṣọ lọ́wọ́. Ó yá, kò gbé e mọ́. Nígbà tó pẹ́, nọ́ńbà náà ò lọ mọ́. Mi ò bá a wí. Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ pé a ṣìlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan dọ̀bálẹ̀ kí mi níbi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀ ní Command. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ní, "Àǹtí, màmá mi ńkọ́?"

"Wọ́n rò pé o ti kú," mo ní. "Wọ́n ti ṣọ̀fọ̀ rẹ tán."

Ó mi orí. Ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n òun. Mo sọ fún un pé kò lọ mọ́, ó ní kí n ṣáà fún òun. Ó tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, ó gbé fóònù sétí, ó ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ tó ń sọ Faransé. Ó tún un tẹ̀. Ọkọ̀ mi dé, mo sì wọ̀ ọ́.